Ọmọ Tí Kì Í Sunkún Lábẹ́ Òòyà

Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà lè rò pé obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló fẹ́lẹ́. Ẹnu rẹ̀ nípọn bí ìdí ìkòkò. Bí ó bá ń di irun, ìka rẹ̀ a máa rìn lórí ènìyàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí èèrà tó gbóòórùn ṣúgà. Ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹnu, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí a máa wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Ó ga fíofío, ó sì ní èjí láàárín eyín iwájú, èyí tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń sọ pé ibẹ̀ ni òótọ́ ń gbà jáde kí ó tó rántí pa ẹnu dé.

Ìyá rẹ̀, tí í ṣe aránṣọ, ti fẹ́ kí ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n ó yarí. Ó ní ẹ̀rọ kì í fèsì, òun kò sì lè fi gbogbo ọjọ́ ayé òun bá ohun tí kò lè fèsì sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń kọ́ni ní irun dídì. Ọ̀gá náà mọṣẹ́, ṣùgbọ́n òòyà onígi ló fi ń kọ́ni: ẹni tó bá ya irun wọ́, orí ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á. Ọjọ́ kan dé tí ọmọ iṣẹ́ eléjìí yìí gba òòyà náà mú ní òfuurufú.

"Ọ̀gá, orí la wá kọ́ bí a ṣe ń tún ṣe níbí. Kí ló dé tí ẹ wá ń fọ́ ọ?"

Wọ́n lé e kí oòrùn tó wọ̀. Ìyókù iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn fèrèsé ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlòmíràn ló dúró sí tó fi ojú jí i kọ́. Nígbà tó yá, ó fẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kan. Ọkùnrin náà wakọ̀ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sì wakọ̀ padà mọ́. Bí wọ́n bá bi í pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́, a ní, "Ó ṣì wà lójú títì." Òun nìkan ló tọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì títí wọ́n fi bá iṣẹ́ tiwọn lọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú òun lójú òun.

Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó fara ti àtẹ̀gùn tó lọ sókè. Yàrá kan ṣoṣo ni. Dígí tí igun rẹ̀ ti fọ́ wà lára ògiri, pẹpẹ wà lókè dígí náà tí òòyà, ìpara àti òwú dúdú kún orí rẹ̀. Àgbàlagbà a máa jókòó sórí àga. Ṣùgbọ́n ọmọdé, orí àpótí kékeré ni, láàárín orúnkún Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ méjèèjì, kí ó lè fi itan há a mọ́ bí ó bá fẹ́ sá. "Itan mi yìí," ni ó máa ń wí, "ó ti mú ènìyàn ju ti ọlọ́pàá lọ."

Igbe ni orin ilé iṣẹ́ náà bí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé. Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé láti ìkóríta ló ti ń bẹ̀rẹ̀ igbe tirẹ̀, kí ó má bàa pẹ́ dé. Òmíràn a máa bú Ọwọ́-Fẹ́lẹ́. Òmíràn a máa dúnàádúrà: "Ẹ di ẹ̀gbẹ́ kan lónìí, kí ẹ di ìkejì lọ́dún tó ń bọ̀." Òun náà a máa dá wọn lóhùn bí ẹgbẹ́ wọn, iṣẹ́ a sì máa lọ.

Ìyá Onílé ló ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Obìnrin ńlá ni, ohùn rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì là. Bí aláìsàn bá wà ládùúgbò, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé abọ́ oúnjẹ dé ibẹ̀. Ọdún tí àjà ṣọ́ọ̀bù ń jò, kò dúró kí Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ bẹ òun kí ó tó pe kápẹ́ńtà. Nítorí náà, nígbà tí ó mú ọmọbìnrin kan wá láti ìlú mìíràn, tí ó ní, "Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin tó dolóògbé nìyí, mo gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó lè kàwé," ńṣe ni gbogbo ènìyàn ń súre fún un. Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, àmọ́ aṣọ tó wọ̀ jẹ́ ti ọmọ ọdún méjìlá.

Kékeré kì í sunkún. A jókòó sórí àpótí, a gbé ọwọ́ lé itan, òòyà a sì wọ inú irun rẹ̀ tó ta kókó, kò ní mira. Àwọn oníbàárà a máa yìn ín: "Ẹ ò rí i bí ẹ̀kọ́ ilé ṣe rí! Ilé lọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ròde." Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ di àpẹẹrẹ. Bí ọmọ mìíràn bá ń ké, a nawọ́ sí Kékeré: "Wo ẹgbẹ́ rẹ! Ṣé igi ni wọ́n fi gbẹ́ orí tirẹ̀ ni? Òun náà ń mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ó lójútì." Kékeré a rẹ́rìn-ín músẹ́ kíá, bí ẹni tí wọ́n ké sí.

Ní ìgbà kan tó tún wá, Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ rí i pé irun òkè etí rẹ̀ ti pá. Awọ ibẹ̀ ń dán, ó sì ní ojú egbò tín-tìn-tín tó ti ń gbẹ. Bí onídìrí bá rí orí tó pá, ohun àkọ́kọ́ tí í wá sí i lọ́kàn ni onídìrí mìíràn. Inú bí i. Ìyá Onílé, tó ń gbé lórí òun gan-an, ti gbé orí ọmọ lọ fún Onídígí!

Onídígí ni obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù irun ní òpópónà kejì. Dígí yí ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ká, ohun tí Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ sì máa ń sọ ni pé kò sí ibi tí èèyàn burúkú lè yíjú sí níbẹ̀ tí kò ní rí ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn. Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ so ìborùn mọ́dìí, ó di ibẹ̀.

"Onídígí, jáde! Jáde kí o wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ!"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú títì, kò sí èyí tó ń fi ìborùn bo orí nínú wọn. Ta ló ń jà?"

"Ọmọ ọ̀dọ̀ Ìyá Onílé! Òkè etí ọmọ yẹn pá bí ìdí ìgò. Kí lo fi dì í, okùn tí wọ́n fi ń fa mọ́tò?"

"Kékeré?" Onídígí fi òòyà rẹ̀ sílẹ̀. "Orí yẹn ò tíì kan itan mi rí. Ṣé gbogbo orí tó bá ti pá ládùúgbò yìí ti di tèmi ni? Orí Alága àdúgbò ńkọ́? Ṣé èmi náà ni mo dì í?"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ náà ìbá rẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe pé ìjà ló bá wá. Ṣùgbọ́n Onídígí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbẹ́ mélòó ló pá?"

"Ọ̀kan. Tòsì."

"Ìwọ tó o mọṣẹ́! Ṣé òwú ń yan ẹ̀gbẹ́ ni? Bí ìdì bá le jù, iwájú orí yíká ló ń pá. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tó sì ní egbò? Ọwọ́ ló fà á tu. Ẹni tó bá dojú kọ ọmọ, tó ń lo ọ̀tún, òsì ọmọ lọwọ́ rẹ̀ máa bà."

Onídígí rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ó máa ń ké tí o bá ń dì í?"

"Kì í ké rárá. Òun ni mo fi ń bá àwọn yòókù wí."

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ? Lórí egbò?"

Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ tú ìborùn kúrò ní ìdí, ó gbé e lé èjìká, ó sì rìn padà sílé bí ẹni tó gbàgbé ohun tó bá jáde. Ó ń rántí ẹ̀rín músẹ́ ọmọ náà. Ó ń rántí gbogbo ìgbà tó sọ fún un pé ó káre.

Nígbà tí Kékeré tún wá, Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ kò jẹ́ kí oníbàárà kankan wọlé. Ojú tuntun ló fi ń wo orí àtijọ́. Ó rí àmì kan ní ẹ̀yìn ọrùn tó tẹ̀ bí wáyà iná tí wọ́n ṣẹ́ po. Ó rí i pé ọrùn náà ti tín ju ti ìgbà tó kọ́kọ́ dé lọ. Ó gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ikọ́ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà ti mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ dín ohùn rẹ̀ kù. Ó wá nawọ́ sókè kí ó mú ìpara lórí pẹpẹ. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀, ọmọ náà ti fi apá méjèèjì bo orí, ó ti ká kò bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn, kò sì pariwo. Èérún búrẹ́dì gbígbẹ jábọ́ láti inú aṣọ rẹ̀.

Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ mú ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e sí ibi tí ọmọ náà ti lè rí i.

"Ìpara ni mo fẹ́ mú, ọmọ mi. Kí ló ṣe ọ́ lọ́rùn níbí?"

"Mo ṣubú ni, mà."

"Níbo lo ṣubú sí?"

"Mo ṣubú ni, mà."

Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ ti tọ́ ọmọkùnrin méjì. Ó mọ̀ pé ọmọ tó ṣubú lóòótọ́ ní ìtàn gígùn: òkúta wà níbẹ̀, ajá wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó tì í. Ìṣubú tí kò ní òkúta, tí kò ní ajá, tí kò sì ní ọ̀rẹ́, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọmọ ni. Kò tún bi í léèrè ìyẹn mọ́. Ó mú búrẹ́dì náà nílẹ̀, ó fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́. Tìrẹ ni. Ṣé kì í dùn ọ́ tí mo bá ń ya irun yìí?"

"Ó máa ń dùn mí, mà."

"Kí ló dé tí o kì í sunkún?"

Ọmọ náà ronú sí i. Ó yí ojú padà, ó wò ó bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá àdánwò ni. "Ṣé mo lè sunkún ni, mà?"

Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ fi òòyà sílẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń bá a lọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka iṣẹ́ ilé ìwé. Bí òun bá ṣe dáadáa, wọn kì í na òun. Dáadáa ni kí òun má pariwo. Dáadáa ni kí òun má jẹun kí wọ́n tó ní kí òun jẹ, kí òun má sì sùn bí ilẹ̀ tí òun nù kò bá tíì gbẹ.

"Níbo lò ń sùn?"

"Ibi tí wọ́n ń kó ìgò sí, mà. Lábẹ́ àtẹ̀gùn."

Abẹ́ àtẹ̀gùn! Ògiri kan náà tí Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ gbé dígí rẹ̀ kọ́ ni. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn obìnrin ń fi ẹ̀rín pa ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn àti ibùsùn ọmọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mọ́mì lókè. Wọ́n á ní mò ń tú àṣírí ilé."

"Mi ò ní sọ fún Mọ́mì. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ: màá sọ fún ẹnìkan tó lè gbà ọ́ sílẹ̀. Ṣé o gbọ́? Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀. Kì í ṣe pé o ò ṣe dáadáa tó. Kò sí bó o ṣe lè ṣe dáadáa tó tí wọn ò ní rí ẹ̀sùn kan kà sí ọ lọ́rùn."

Ìbínú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣe sùúrù tó bó ti yẹ. Bàbá Onílé, ọkọ Ìyá Onílé, ni ó kọ́kọ́ lọ bá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni tí í jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ìròyìn láti àárọ̀. Ó rò pé ọkàn rẹ̀ yóò rọ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ibi tí ọmọ yẹn ń sùn?"

Bàbá ṣí ojú ìwé kejì. "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ọmọ mi. Ìyá Onílé máa ń le díẹ̀, àmọ́ ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ojú ẹbí kò jọ ojú ará ìta."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ará ìta ni mí, mo sì rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé ńkọ́?"

Bàbá gbé ìwé ìròyìn bo ojú. Láti ọjọ́ náà, a kò rí Kékeré mọ́. Kò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ sílé ìwé. Fèrèsé ìsàlẹ̀ di títì. Ìyá Onílé sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́-Fẹ́lẹ́, mo gbọ́ pé o ti di ìyá ọmọ mi. Irun ni mo ní kó o di, mi ò ní kó o tú ilé mi." Ó sì gun òkè padà, tẹ̀gbintẹ̀gbin.

Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ fi etí lé ògiri ẹ̀yìn dígí. Ó gbọ́ ikọ́.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó lọ bá Onídígí, ó ní, "Mo ti ṣìṣe. Mo sọ fún ẹni tí kò yẹ. Bá mi lọ." Onídígí kò bi í pé níbo. Ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì orí ní dídì, wọ́n sì jọ gba ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin onígíláàsì kan ló dá wọn lóhùn níbẹ̀.

"Ẹ má sọ ohun tí ẹ rò fún mi, màmá. Ohun tí ẹ rí àti ohun tí ọmọ sọ ni kí ẹ sọ."

Ó sọ ọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún ọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òṣìṣẹ́ náà àti ọlọ́pàábìnrin kan ti dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá Onílé fi àga àti omi tútù pàdé wọn, ó ní ọmọ lọ kí ìyá rẹ̀. Ọlọ́pàábìnrin náà mu omi, ó dúpẹ́, ó sì ní kí wọ́n ṣí abẹ́ àtẹ̀gùn fún òun. Láàárín ìgò ni wọ́n ti mú Kékeré jáde, tó ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, láti ibẹ̀ lọ sílé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ṣàlàyé pé ìgbìmọ̀ yóò jókòó láti pinnu ibi tí ọmọ yóò máa gbé. Ìyá Onílé ti kọ̀wé pé kí wọ́n dá ọmọ òun padà. Ó ní onídìrí ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ kan ló parọ́ mọ́ òun nítorí owú. Ọmọ náà kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi "mo ṣubú ni, mà." Bí Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ kò bá wá sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà.

Àdúgbò gbóná. Àwọn tó ti ń jẹ oúnjẹ Ìyá Onílé kò lè gbà á gbọ́. Àwọn tó gbà á gbọ́ kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn gbà á gbọ́. Oníbàárà ń dín kù. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìjókòó náà, Alága àdúgbò, bàbá olórí pípá, kó àgbàlagbà méjì lẹ́yìn wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ọwọ́-Fẹ́lẹ́, a wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Ẹ káàbọ̀, Alága. Àga ò tó, ṣùgbọ́n àpótí ọmọdé wà níbẹ̀."

Kò jókòó. "Ẹnu la fi ń parí ìjà. Lọ sọ fún wọn lọ́la pé ojú rẹ ò ríran dáadáa. Ìyá Onílé ti ṣèlérí níwájú wa pé òun ò ní nà án mọ́. Ọmọ á padà wálé, ìwọ náà á máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

"Bí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"O mọ̀ pé òun ló nilé."

"Mo mọ̀. Òun ló nilé, òun ló ni àtẹ̀gùn, òun ló ni abẹ́ àtẹ̀gùn. Òun kọ́ ló ni ọmọ."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ni! Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n!"

"Mo rí ẹ̀jẹ̀ náà, Alága. Òkè etí ọmọ ni mo ti rí i."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà pòṣé. "Wọ́n na gbogbo wa ní kékeré. Wọ́n nà mí, mo sì dènìyàn."

"Ẹ dènìyàn lóòótọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n nà yín tán, ṣé wọ́n fi ebi pa yín? Ṣé wọ́n tì yín mọ́ ìgò? Ṣé ikọ́ mú yín tí wọ́n ní kí ẹ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀? Bí wọ́n bá ṣe é fún yín, ó yẹ kí ẹnìkan ti bá yín jà nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n bá eléyìí jà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà, orí wọ́, ẹ wá dé ṣọ́ọ̀bù onídìrí láti bẹ̀ ẹ́ kó má tún un ṣe!"

Alága fọwọ́ pa orí rẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣọ́ọ̀bù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn o."

"Ó ti bọ́. Ẹ bá mi kí i."

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Onílé wọ aṣọ olówó ńlá wá sí ọ́fíìsì, ó sì sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ fi na áńkáṣíìfù sí i. Ó ní òun gba ọmọ òrukàn sílé, òun ń fi aṣọ bò ó, òun ń rán an nílé ìwé. Olè ni ọmọ náà, ó ń jí búrẹ́dì. Nínú iyàrá náà, obìnrin tín-ín-rín kan jókòó sí igun, ó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Ìyá Kékeré ni. Ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a rí ni. Gbogbo ìgbà tó bá fi fóònù béèrè ọmọ rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé ọmọ náà ń ṣeré.

"Ìbáwí ni mo fún un," ni Ìyá Onílé wí. "Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí."

Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ dìde kí wọ́n tó pè é. "Ẹ parí òwe náà, mà. Wọ́n ní bí a bá fi ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni à á fi fà á mọ́ra. Níbo ni òsì tiyín wà? Ṣé èyí tí ẹ fi ti ilẹ̀kùn ìgò ni?"

Wọ́n ní kí ó dákẹ́ títí yóò fi kàn án. Nígbà tó kàn án, ó sọ ti òkè etí òsì, ó sọ ti àmì wáyà, ti ọrùn tó ń tín, ti ikọ́, ti apá tó fi bo orí nígbà tí òun ń mú ìpara. Ó sọ pé òun fúnra òun ti ń yin ọmọ náà nítorí pé kò sunkún. "Ẹ ti bi í, ó ní òun ṣubú. Ẹ má bínú sí i. Ohun tó fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá wò mí: obìnrin yìí tún àjà ṣọ́ọ̀bù ṣe fún mi, ó ti fún mi lóúnjẹ nígbà tí ara mi ò yá. Bí mo bá fẹ́ jowú ẹnìkan, n bá lọ jowú ẹlòmíràn. Ó ṣe mí lóore, ó sì fi ìyà jẹ ọmọ. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n oore tèmi kò lè san ìyà ti Kékeré."

Ìyá Onílé ní, "Lónìí ni wàá kó ẹrù rẹ."

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Ọwọ́-Fẹ́lẹ́ wí fún ìgbìmọ̀. "Bí ó ti ṣe sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà nìyẹn, lójú yín. Ẹ wá ro ti ọmọdé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Kò sí ẹni tó tún na áńkáṣíìfù sí Ìyá Onílé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ padà wọlé, wọ́n ní ọmọ yóò máa bá ìyá rẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ ìjọba yóò máa bẹ̀ wọ́n wò, ọ̀rọ̀ Ìyá Onílé sì ti di ti ọlọ́pàá. Ìyá ọmọ wá kúnlẹ̀ níwájú Ọwọ́-Fẹ́lẹ́. Ó fa á dìde pẹ̀lú agbára.

"Dìde, jọ̀ọ́. Lọ mú ọmọ rẹ. Bó bá ní òun fẹ́ jẹun lẹ́ẹ̀mejì, fún un lẹ́ẹ̀mẹta, má bi í pé kí ló dé."

Kí ó tó dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ti kó àga rẹ̀, dígí rẹ̀ àti pẹpẹ rẹ̀ síta, wọ́n sì ti fi àgádágodo tuntun ti ilẹ̀kùn. Onídígí gba ibẹ̀ wá, ó ní, "Kó wọn wá sọ́dọ̀ mi. Àyè wà."

"Bí òjò bá dé, màá wá. Ní báyìí, mo fẹ́ kí wọ́n máa rí mi."

Òdìkejì ọ̀nà gan-an ló gbé àga sí, ó dojú kọ ìloro òkè níbi tí Ìyá Onílé ti ń wòran. Ó gbé dígí ti igi kan, ó sì jókòó. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Obìnrin kan, oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, dúró, ó mi orí.

"Ọwọ́-Fẹ́lẹ́, ẹ ò rí ayé bí? Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ wá sọ yín di ará ojú títì."

"Ẹ ṣé o. Ṣé irun lẹ fẹ́ dì ni àbí àánú lẹ wá ṣe? Bó bá jẹ́ àánú ni, ọ̀nà gbòòrò, ẹ máa kọjá. Bó bá jẹ́ irun ni, àga nìyí."

Obìnrin náà wo ìloro òkè, níbi tí ẹni tó nilé ti ń wò ó. Ó wo àga náà. Ó tú ìborùn kúrò lórí, ó sì jókòó.